Oògùn Inú Erùpẹ̀ fún Àgbà Tó Ń Gbàgbé

Ọ̀pọ̀ oògùn ilé ìwòsàn ló ti inú erùpẹ̀ wá. Àwọn kòkòrò tín-tìn-tín tí ojú lásán kò lè rí ń du oúnjẹ mọ́ ara wọn lọ́wọ́ nínú ilẹ̀, wọ́n sì ń tú èròjà jáde láti fi lé ara wọn sẹ́yìn. Streptomyces ni ọ̀gá wọn. Òun náà ló ń fa òórùn ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Ara rẹ̀ ni wọ́n ti rí streptomycin, oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ, ní 1943.

Èyí tí àwọn onímọ̀ ń wò báyìí nítorí ìgbàgbé àgbà ni rapamycin. Ní 1964, àwọn ará Kánádà bu erùpẹ̀ ní Rapa Nui, erékùṣù kékeré kan tó dá wà láàrin òkun Pàsífíìkì. Suren Sehgal àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Montreal yọ èròjà yìí nínú rẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ erékùṣù náà sọ ọ́. Ní 1999, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún àwọn tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún, kí ara wọn má baà kọ kíndìnrín tuntun. Iṣẹ́ rẹ̀ mìíràn ni pé ó ń ta sẹ́ẹ̀lì jí láti gbá pàǹtírí inú ara rẹ̀ dànù. Pàǹtírí tó kó jọ sínú ọpọlọ sì wà lára àmì Alzheimer, àrùn ìgbàgbé àgbà. Ní 2010, àwọn èkúté tí wọ́n dá irú àrùn náà sí lára rántí nǹkan dáadáa sí i lẹ́yìn tí wọ́n lò ó.

Èkúté kì í ṣe bàbá arúgbó. Minocycline, ọmọ ìyá tetracycline tí ìran tirẹ̀ náà ti inú erùpẹ̀ wá, dára lára èkúté tó ní irú àrùn yìí. Nígbà tí wọ́n dán an wò fún ọdún méjì láàrin aláìsàn Alzheimer 544 ní Bìrìtéènì, àwọn tó lò ó kò sàn ju àwọn tó gbé hóró òfìfo mì.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí ìgbàgbé lọ ra kápúsù lọ́wọ́ olóògùn. Rapamycin ń dín agbára tí ara fi ń gbógun ti àrùn kù, ó sì lè dá egbò sí ẹnu. Lílo tetracycline láìnídìí ń kọ́ kòkòrò àrùn bí yóò ṣe borí oògùn. (Erùpẹ̀ jíjẹ ńkọ́? Ẹyin aràn lè wà níbẹ̀.)

Ohun tó wà níkàáwọ́ ènìyàn sún mọ́lé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwádìí kan tó bẹ̀rẹ̀ ní 1992 fi àwọn àgbà Ìdíkàn, n'Ìbàdàn, wé àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Indianapolis. Àbọ̀ rẹ̀ ní 2001 fi hàn pé iye tí Alzheimer ń mú lọ́dọọdún n'Ìbàdàn kò tó ìdajì ti ọ̀hún. Ìran wọn tan mọ́ ara wọn, ṣùgbọ́n ìgbé ayé wọn yàtọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, sìgá mímu àti etí dídi tí a kò tọ́jú wà lára ohun tó ń ṣínà fún ìgbàgbé.

Ìyá àgbà tó bá ń ṣi ọ̀nà ilé rẹ̀ kì í ṣe àjẹ́. Ọ̀dọ̀ dókítà ló yẹ kí wọ́n mú un lọ, kí ó sì tètè yá. Ó yẹ kí wọ́n kó gbogbo oògùn tó ń lò dání, títí kan ti oorun àti àgbo, nítorí pé oògùn mìíràn wà tó ń da iyè rú. Dókítà yóò yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò bóyá fítámì B12 ló dín, yóò sì wádìí bóyá ìbànújẹ́ ọkàn ló ń bá a jà. Ìgbàgbé tó bá ti ibẹ̀ wá ṣeé wò, pẹ̀lú oògùn tó ti wà nílẹ̀ tipẹ́.