Olùkọ́ Ni Kí Ẹ Yàn, Kì Í Ṣe Káàdì

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń fi àgbá afẹ́fẹ́ mòòkùn nínú òkun kì í pẹ́ bèèrè pé: ṣé káàdì PADI ló dára jù ni àbí ti SSI? Ìbéèrè asán ni. Ìlànà àgbáyé kan náà, ISO 24801-2, ni àwọn méjèèjì ń tẹ̀ lé fún ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́, mítà 18 sì ni òpin ìjìn tí káàdì méjèèjì fàyè gbà.

Ìbéèrè gidi ni pé: ta ni yóò kọ́ mi, àwa mélòó ni yóò sì wà lọ́wọ́ rẹ̀? PADI gba olùkọ́ kan láàyè láti kó akẹ́kọ̀ọ́ 8 wọ òkun. Ojú méjì péré ni olùkọ́ ní! Mẹ́rin sàn jù.

Ẹ wo Koh Tao ní Thailand, erékùṣù kékeré tí ilé ẹ̀kọ́ báyìí kún fọ́fọ́. Ọjọ́ 3 sí 4 ni wọ́n fi ń gba káàdì níbẹ̀, ẹ̀dínwó sì ni ọ̀pọ̀ fi ń pe oníbàárà. Ṣùgbọ́n a kì í ná ọjà ẹ̀mí. Láti mítà 10 dé ojú omi, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró a máa fẹ̀ di ìlọ́po méjì. Ẹni tó bá sé èémí bó ṣe ń gòkè, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lè ya.

Ilé ẹ̀kọ́ tí kò bèèrè nípa ìlera yín, tí kò dán yín wò bóyá ẹ lè lúwẹ̀ẹ́, tó kàn ń kánjú gba owó, ẹ sá fún un. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Káàdì kò lè báni mí lábẹ́ omi.