Ife Wàrà àbí Abo Màlúù?



Ọ̀pọ̀ ìjọ ní òkè òkun ni ó máa ń dá owó jọ lọ́dọọdún láti fi ran àwọn ìlú bíi tiwa lọ́wọ́. Ní Jámánì, àwọn Kátólíìkì dá Misereor sílẹ̀ ní 1958, wọ́n sì ń gbé igbá owó fún un ní àkókò àwẹ̀ tí ó ṣáájú Àjíǹde. Ọpẹ́ ni fún ẹni tí ó yọ nínú tirẹ̀ fún aládùúgbò tí kò fojú rí. Ṣùgbọ́n ó tọ́ kí àwa tí a ń gba ẹ̀bùn bi ara wa pé: nígbà tí owó náà bá tán, kí ni yóò kù?

Àgbẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, Dan West, ọmọ ìjọ Church of the Brethren, bá ìbéèrè yìí pàdé nígbà ogun abẹ́lé ilẹ̀ Sípéènì. Ó ń pín wàrà fún àwọn tí ebi ń pa, ife kan fún ẹnì kan. Bí ebi òní ti ń lọ ni ti ọ̀la ń dé. Ó rò ó pé bí ìdílé kan bá ní abo màlúù tirẹ̀, kò ní dúró de ife ẹnikẹ́ni mọ́. Nígbà tí ó padà délé, ó ké sí ìjọ rẹ̀, wọ́n sì dìde. Ní 1944, ẹgbọ̀rọ̀ abo màlúù 17 àkọ́kọ́ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Puerto Rico. Májẹ̀mú kan bá ẹ̀bùn náà rìn: ẹni tí ó gbà á yóò fi àkọ́bí abo rẹ̀ fún ìdílé mìíràn. Iṣẹ́ náà ni ayé mọ̀ sí Heifer International lónìí.

Èyí kò ṣàjèjì sí wa. Àwọn bàbá wa a máa fi abo ewúrẹ́ fún ẹni tí kò ní láti sìn. Bí ó bá bímọ, olówó ẹran àti ẹni tí ń sìn ín a pín in. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó fi ẹran ẹlẹ́ran bẹ̀rẹ̀ ṣe ń ní tirẹ̀.

Àpẹẹrẹ mìíràn wà nítòsí. Ní 1985, àlùfáà Godfrey Nzamujo, ti ẹgbẹ́ Dominiki, dá Centre Songhaï sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́, èyíinì Porto-Novo. Ó ní ẹ̀ka ní Savalou. Ìrànlọ́wọ́ òkè òkun wà nínú ìtàn rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò fẹ̀yìn tì í. Ìgbẹ́ ẹran ń di gáàsì ìdáná níbẹ̀, ìdin ń di oúnjẹ ẹja, omi adágún ẹja sì ń lọ sí oko. Wọ́n ń ta ohun tí wọ́n ń mú jáde, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ àgbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ilé wa. Bí ìjọ kan bá gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún abúlé, tí ẹnikẹ́ni kò tọ́jú owó àtúnṣe, ọjọ́ tí irin kékeré kan bá já ni àwọn ọmọbìnrin wa yóò tún gbé korobá padà sí odò. Olùfúnni ti jìnnà, kò ní gbọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ń san owó táṣẹ́rẹ́ lórí korobá kọ̀ọ̀kan, tí ìwé ìṣirò sì wà ní gbangba, omi kò ní wọ́n wa.

Atẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ. Níbi ìdúpẹ́ ìkórè, a ń fi iṣu àti adìẹ ṣe gbàǹjo, owó sì ń wọlé. Kí ló dé tí a kò fi ya díẹ̀ sọ́tọ̀ láti ra ẹ̀rọ tí ń rin gbágùúdá fún àwọn ìyá wa? Gààrí Savalou lórúkọ káàkiri Bẹ̀nẹ̀. Owó tí wọ́n bá san fún ẹ̀rọ náà yóò tún un ṣe, yóò sì ra èkejì fún abúlé tí ó kàn.

Nítorí náà, kí lẹ́tà ìbéèrè wa tó kọjá sí òkè òkun, ẹ jẹ́ kí a kọ ìdáhùn mẹ́ta sínú rẹ̀: ta ni yóò tọ́jú ẹ̀bùn náà, níbo ni owó àtúnṣe yóò ti wá, ta ni yóò sì gba àkọ́bí rẹ̀?