Ilé Tí Ẹnikẹ́ni Kò Ní Í Gbé

Kò yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan gba oyè másítà nínú ìmọ̀ ìyàwòrán-ilé, ní Amẹ́ríkà tàbí níbikíbi, títí yóò fi parí, ó kéré tán, iṣẹ́ sítúdíò kan tó ní onílé tó lórúkọ, ilẹ̀ tó ṣeé fẹsẹ̀ tẹ̀, àti iye owó tí kò gbọdọ̀ fi kọ́bọ̀ kan lé. Ìlànà yìí le, ṣùgbọ́n ohun tó wà nílẹ̀ ló sọ ọ́ di dandan, nítorí pé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń jáde ní yunifásítì lẹ́yìn tí wọ́n ti ya ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí, gbọ̀ngán orin àti ilé alájà ogójì, tí wọn kò sì tíì bá ẹyọ ẹnì kan jókòó rí kí wọ́n bi í léèrè bí ìdílé rẹ̀ ṣe ń sùn àti ọ̀nà tí ìyá rẹ̀ àgbà yóò máa gbà wọlé.

Sítúdíò ni orúkọ tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí fún gbọ̀ngán tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ti ní tábìlì tirẹ̀, tí olùkọ́ ń lọ láti ìdí tábìlì kan dé ìdí òmíràn, tó ń wo àwòrán, tó sì ń fi pẹ́ńsù tún un ṣe. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń pe ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, òun sì ni òpó tó gbé gbogbo oyè náà ró. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, olùkọ́ á gbé ìṣòro kan kalẹ̀. Nígbà tí sáà bá ń parí lọ, akẹ́kọ̀ọ́ á fi àwòrán rẹ̀ kọ́ sára ògiri, á gbé ilé kékeré tó fi páálí àti igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe sórí tábìlì, á sì dúró níwájú àwọn adájọ́, ìyẹn àwọn olùkọ́ àti àwọn ayàwòrán-ilé tí wọ́n pè wá láti ìta. Ẹni tí a tìtorí rẹ̀ ya ilé náà kì í sí láàárín wọn, nítorí pé kò sí ẹni bẹ́ẹ̀. Ẹ̀sùn yìí kò dá lórí ilé-ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo, torí àṣà gbogboogbò ni.

Ìlú Paris ni àṣà náà ti wá, láti École des Beaux-Arts, níbi tí àwọn ọ̀gá ayàwòrán-ilé ti ń kó ọmọ-iṣẹ́ jọ sí yàrá iṣẹ́ wọn ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Bí àkókò bá tó láti kó iṣẹ́ sílẹ̀, ọmọlanke kan tí àwọn Faransé ń pè ní charrette ni wọ́n fi ń kó àwòrán lọ, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Amẹ́ríkà sì ṣì ń fi orúkọ ọmọlanke yẹn pe àìsùn tó ń ṣáájú ọjọ́ ìdájọ́. Nígbà tí MIT bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní ẹ̀kọ́ yìí ní 1868, tó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní yunifásítì Amẹ́ríkà, ìlànà Paris ló mú lò. Ní 2002, AIAS, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìyàwòrán-ilé ní Amẹ́ríkà, gbé ìròyìn kan jáde tó bẹnu àtẹ́ lu àìsùn yìí àti ìgbésí ayé àhámọ́ tí sítúdíò ń mú wá. Ìròyìn náà tọ̀nà, ṣùgbọ́n kò sí àìsùn tó burú tó èyí tí a fi ṣe iṣẹ́ tí kò ní olówó.

Ọmọ-iṣẹ́ bíríkìlà ní Ìbàdàn tàbí Ìjẹ̀bú-Òde kì í mọ ògiri eré. Ògiri àkọ́kọ́ tó bá mọ, ẹnì kan ni yóò fẹ̀yìn tì í. Bó bá sì wọ́, ọ̀gá á ní kó wó o kó sì tún un mọ lójú onílé, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ tí wọ́n á ṣe fúrídọ́ọ̀mù fún un ṣì jìnnà. Kò sí ìdí kankan tí ẹni tó ń kàwé gba oyè másítà fi gbọdọ̀ kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́nà tó rọrùn ju ti ọmọ yìí lọ.

Ìlú Carrollton, tó wà ní àríwá Dallas ní ìpínlẹ̀ Texas, tí ìkànìyàn 2020 sì fi hàn pé ó lé ní 133,000 ènìyàn, jẹ́ ibi tí ohun tó sọnù nínú ẹ̀kọ́ sítúdíò ti hàn kedere. Ilẹ̀ dúdú ló pọ̀ ní àgbègbè náà, amọ̀ tó máa ń wú bí òjò bá rọ̀, tó sì máa ń súnkì bí ọ̀dá bá dá. Bó bá di oṣù kẹjọ, ilẹ̀ á sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpìlẹ̀ débi tí ọwọ́ ọmọdé á wọ inú rẹ̀. Nínú ilé, ilà tín-ín-rín kan á bẹ̀rẹ̀ láti igun fèrèsé, á máa gun ògiri lọ sí àjà, ilẹ̀kùn yàrá tó ń tì dáadáa ní oṣù kẹta á sì kọ̀ láti tì. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ onílé fi ń tẹ́ rọ́bà omi oníhò wínníwínní yí ilé ká, tí wọ́n ń bomi rin ìpìlẹ̀ bí ẹni ń bomi rin ẹ̀fọ́, kí amọ̀ má baà gbẹ jù. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá bá onílé bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré á mọ̀ pé abẹ́ ilẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀; èyí tó ń ya ilé gíláàsì lójú kọ̀ǹpútà kò ní mọ̀, nítorí pé ilẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà kì í wú, kì í sì í sán.

Ojú ọjọ́ ibẹ̀ náà kò fàyè gba eré. Ní 2011, ọjọ́ 71 ni ooru fi dé 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit ní pápákọ̀ òfurufú Dallas àti Fort Worth. Ní oṣù kejì 2021, òtútù ńlá dé, iná mànàmáná kú mọ́ àìmọye ìdílé lórí ní Texas, ìjọba ìpínlẹ̀ náà sì ka òkú 246. Ilé tí ènìyàn lè yè nínú rẹ̀ nígbà tí iná bá lọ, yálà nínú ooru tàbí nínú òtútù, tí owó rẹ̀ kò sì ní ga ju agbára òṣìṣẹ́ lọ, tó iṣẹ́ fún odidi sítúdíò.

Àwọn tí yóò gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ kò sì ṣòro láti rí. Ọkọ̀ ojú irin DART dé Carrollton ní oṣù kejìlá 2010, A-train láti Denton bá a pàdé ní ibùdókọ̀ Trinity Mills ní 2011, ìjọba ìlú sì ń fẹ́ kí ilé gbígbé àti ṣọ́ọ̀bù yí ibùdókọ̀ náà ká. Lójú ọ̀nà Old Denton, àwọn ará Korea ti sọ ilé ìtajà di ọjà ìbílẹ̀ wọn. Àwọn Yorùbá náà pọ̀ káàkiri àgbègbè Dallas: ìjọ wọn ń jọ́sìn nínú ṣọ́ọ̀bù àtijọ́ tí ògiri rẹ̀ kò lè dá ìró ìlù dúró; ìyá tó wá láti Òṣogbo láti wẹ ọmọ tuntun ń sùn ní yàrá òkè, ó ń di ọ̀pá àtẹ̀gùn mú nítorí orúnkún; ilé ìdáná ṣí gbayawu sí pálọ̀, bí wọ́n bá sì ń din ata, gbogbo ilé á máa húkọ́, aago èéfín á bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Agbo ilé ti dáhùn gbogbo èyí tipẹ́tipẹ́, tó fi àgbà sí ìsàlẹ̀, tó fi ìdáná sí ẹ̀yìn, tó sì fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ gba àlejò. Yunifásítì Texas ní Arlington, tó ń fúnni ní oyè másítà yìí, kò ju ìrìn wákàtí kan lọ sí Carrollton nínú mọ́tò. Wákàtí yẹn ló yẹ kí iṣẹ́ sítúdíò máa gbà kọjá.

Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti wáyé rí ní Dallas fúnra rẹ̀. Ní òpópónà Congo, níbi tí ilé márùn-ún ti ń wó lọ lórí àwọn onílé, àjọ bcWORKSHOP tí ayàwòrán-ilé Brent Brown dá sílẹ̀ bá àwọn ará àdúgbò jókòó, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti yunifásítì Arlington sì lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ náà. Wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ilé kan tí ìdílé kọ̀ọ̀kan á máa wọ̀ sí nígbà tí wọ́n bá ń tún ilé tirẹ̀ kọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà kó kúrò ní òpópónà tó bí i. Àbá bẹ́ẹ̀ kì í ti orí tábìlì wá; ẹni tó gbọ́ pé àwọn onílé kò fẹ́ lọ ló lè ronú rẹ̀. Ní Alabama, Samuel Mockbee àti D.K. Ruth dá Rural Studio sílẹ̀ ní 1993 lábẹ́ Yunifásítì Auburn. Ní 2005 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà láti fi 20,000 dọ́là, ohun èlò àti owó iṣẹ́ pa pọ̀, kọ́ ilé tó lẹ́wà fún tálákà.

Àwọn tó ń gbèjà àṣà àtijọ́ ń sọ pé sítúdíò ni ibi ìkẹyìn tí ọkàn akẹ́kọ̀ọ́ ti lè fò láìsí ẹ̀wọ̀n, pé onílé àti owó á pa ìrònú rẹ̀. Ìtàn ayàwòrán-ilé Diébédo Francis Kéré já irọ́ yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ ṣì ni ní Berlin nígbà tó ya ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún abúlé rẹ̀, Gando, ní Burkina Faso, tó kó owó jọ, tí àwọn ará abúlé sì bá a ru òkúta, tí wọ́n fi amọ̀ àti símẹ́ńtì díẹ̀ mọ bíríkì. Ó gbé páànù òrùlé kúrò lórí àjà kí ooru lè gba àárín wọn jáde. Ilé náà parí ní 2001, ó gba ẹ̀bùn Aga Khan ní 2004, ní 2022 sì ni Kéré di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn Pritzker. Àìlówó àti ooru abúlé ló bí òrùlé yẹn.

Àwọn mìíràn ń sọ pé ẹ̀yìn oyè ni irú ẹ̀kọ́ yìí wà, nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń ṣe wákàtí 3,740 tí òfin ìwé-àṣẹ ń béèrè lábẹ́ ọ̀gá, tó sì ń ṣe ìdánwò alápá mẹ́fà. Ṣùgbọ́n ní ọ́fíìsì, ọ̀gá ló sábà máa ń bá onílé sọ̀rọ̀. Ẹni tuntun á máa ya ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀. Bí kò bá kọ́ bí a ṣe ń gbọ́ ènìyàn yé nílé-ìwé, níbi tí olùkọ́ ti ráyè dúró tì í, ó lè fi ọdún mẹ́wàá ṣiṣẹ́ kó má kọ́ ọ. Ní ti ewu pé akẹ́kọ̀ọ́ kò tíì ní ìwé-àṣẹ, ayàwòrán-ilé tó ní in ni kó buwọ́ lu pílánù.

Nítorí náà, ní ọjọ́ ìdájọ́, kí onílé jókòó sí iwájú, kí bíríkìlà tó mọ amọ̀ Carrollton àti òṣìṣẹ́ ìjọba ìlú tó ń fọwọ́ sí pílánù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí máàkì wọn sì wúwo bíi ti olùkọ́. Àwọn ayàwòrán-ilé ọmọ Yorùbá tí wọ́n bá pè wá ṣe adájọ́ ní Texas ni kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè orúkọ ẹni tí yóò gbé inú ilé náà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kò bá rí orúkọ dá, kí wọ́n má ṣe fọwọ́ sí oyè rẹ̀.