Ẹ Má Fojú Kékeré Wo Kámẹ́rà Kékeré

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti jókòó sí òde àríyá nílẹ̀ Yorùbá láàárín ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ìbáà ṣe ní Ìbàdàn ilé Olúyọ̀lé, ìbáà ṣe ní Èkó àromi-sá-lẹ̀gbẹ-lẹ̀gbẹ, yóò ti rí àwọn ọ̀dọ́ tí iṣẹ́ fọ́tò gbé wá síbẹ̀, tí kámẹ́rà méjì kọ́ lọ́rùn, tí àpò tí ó kún fún lẹ́ǹsì oríṣiríṣi wà lẹ́yìn, tí òógùn sì ti ń ṣàn lójú wọn kí ìyàwó tó jáde sí gbàgede. Èmi kò bú wọn, nítorí iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́, àti pé àwa tí a ń pè wọ́n wá gan-an ni a di ẹrù náà lé wọn lórí: ẹni tí ó bá mú kámẹ́rà tí ó wọ àpò ṣòkòtò wá síbi ìgbéyàwó, àwọn ẹbí yóò máa wò ó tìkà-tẹ̀gbin, wọn yóò sì máa bi ara wọn pé ṣé ẹni tí a sanwó fún náà nìyí. Síbẹ̀, ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwòrán tí àwa Yorùbá ń yà, kámẹ́rà kékeré kan tí lẹ́ǹsì rẹ̀ kò ṣeé yọ, tí kò sì ní súùmù, tó ẹni í fi ṣe olórí irinṣẹ́, kì í ṣe àtẹ̀lé tí a ń mú dání nígbà tí a kò bá rí gidi mú.

Kí ọ̀rọ̀ mi má baà dà bí òwe tí kò ní ìtumọ̀, irú kámẹ́rà tí mo ń wí nìyí. Ilé-iṣẹ́ Fujifilm ti Japan gbé X100 jáde ní 2011, lẹ́ǹsì kan ṣoṣo ni ó ní, ìwọ̀n tí ó sì fi ń rí ayé ni èyí tí àwọn tí ó lo fíìmù mọ̀ sí 35mm. Àwọn àbúrò rẹ̀ tẹ̀ lé e títí ó fi kan X100VI ti 2024. Ricoh náà ní GR tirẹ̀, tí wọ́n ti ń ṣe láti ayé fíìmù ní 1996, tí ó bọ́ sí ti dígítà ní 2005, tí GR III ti 2019 kò sì ju 257 gíráàmù lọ tòun ti bátìrì àti káàdì inú rẹ̀. Ìwọ̀n 28mm ni tirẹ̀, ó fẹ̀ ju ti Fujifilm lọ. Leica ti Jámánì ṣe Q ní 2015 fún àwọn tí owó kì í ká lára, ẹ jẹ́ kí a fi ìyẹn sílẹ̀ fún wọn. Ohun tí púpọ̀ nínú wa kò fura sí ni pé awo tí ó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú GR III àti X100, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní sẹ́ńsọ̀, kò kéré sí èyí tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ńlá tí a ń gbé kọ́rùn lọ sóde. Ara ni ó kéré, inú kò kéré. Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Bí a bá sì wo ẹ̀yìn wò, a óò rí i pé lẹ́ǹsì kan ṣoṣo kì í ṣe àlejò nínú ìtàn àwòrán tiwa. Pierre Verger, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí a bí ní Paris ní 1902, tí ó gúnlẹ̀ sí Bahia ní ilẹ̀ Brazil ní 1946, tí wọ́n sì tẹ̀ nífá ní Kétu ní 1953 tí wọ́n sọ ọ́ ní Fátúmbí, Rolleiflex ni ó fi ṣe iṣẹ́ tí a fi ń dárúkọ rẹ̀ títí di òní. Kámẹ́rà Jámánì ni Rolleiflex, ojú méjì ni ó ní, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀: èyí òkè ni ẹni tí ó ń yàwòrán fi ń ríran, èyí ìsàlẹ̀ ni ó ń ya àwòrán náà, kò sì sí èyí tí a lè yọ nínú méjèèjì kí a fi òmíràn rọ́pò. Òun ni ó gbé tọ àwọn olórìṣà Bahia lọ, òun náà ni ó gbé wọ àárín àwọn olórìṣà nílẹ̀ wa ní apá ìhín òkun, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá to àwòrán méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lónìí yóò rí i pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, bí òkun tilẹ̀ là wọ́n láàárín. Nígbà tí Verger kú ní Salvador ní 1996, àwòrán tí ó fi sílẹ̀ lé ní 60,000.

Ohun tí ó wù mí jù nínú Rolleiflex yìí ni bí a ṣe ń lò ó. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi yàwòrán kì í gbé e bo ojú. Igbá àyà tàbí ìbàdí ni yóò gbé e sí, yóò sì tẹrí ba wò ó láti òkè, débi pé ojú rẹ̀ kò pamọ́ fún ẹni tí ó ń yà, kò sì tẹjú mọ́ onítọ̀hún. Ní ilẹ̀ tí ọmọdé kì í ti í wo àgbà lójú kòrókòró, tí a kì í sì í na nǹkan sí elégùn lójú nígbà tí òrìṣà bá gùn ún, mo gbà pé ìtẹríba yẹn ṣí ilẹ̀kùn tí ìwé àṣẹ kankan kò lè ṣí fún Fátúmbí. Ẹ sì wò ó: àwọn kámẹ́rà kékeré òde òní tún ti padà sí ọ̀nà yẹn. Gíláàsì ẹ̀yìn X100 tuntun ṣeé gbé dìde kí a máa tẹrí ba wò ó láti ìbàdí, GR ní tirẹ̀ kò tilẹ̀ ní ihò tí à ń fi ojú sí, a kàn ń mú un lọ́wọ́ ni.

Àwọn mìíràn wà tí mo lè dárúkọ. J. D. 'Okhai Ojeikere, ọmọ Emai ní ìpínlẹ̀ Edo, tí ó ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn kí ó tó kọjá sí Èkó, Brownie D tí kò ní fíláàṣì ni ó fi bẹ̀rẹ̀ ní 1950, kámẹ́rà tí ẹni tí ó gbówó lọ́wọ́ kò ní í yà sí lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n bí a bá gúnyán nínú ewé, tí a sebẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó á yó, ọwọ́ tí ó kọ́ṣẹ́ lára Brownie yẹn ni ó bẹ̀rẹ̀ sí ya irun dídì àwọn obìnrin ilẹ̀ wa ní 1968, iṣẹ́ tí wọ́n gbé dé àfihàn ńlá ti Venice ní 2013. Ní Tokyo, Daido Moriyama, ayàwòrán tí a bí ní 1938, ti di bàbá arúgbó tán, síbẹ̀ GR inú àpò ni a mọ̀ ọ́n mọ́ ní àwọn ojú pópó Shinjuku.

Kí wá ni lẹ́ǹsì kan ń ṣe fún ènìyàn tí lẹ́ǹsì mẹ́fà kò lè ṣe? Ẹni tí ó ní súùmù, ọwọ́ ni ó fi ń sún mọ́ ènìyàn. Ẹni tí kò ní, ẹsẹ̀ ni yóò fi sún mọ́ ọn, bí ó bá sì ti fẹsẹ̀ sún mọ́ ọn, dandan ni kí ó kí i. Ẹ jẹ́ kí a mú ìyá kan tí ó ń ta ata ní ọjà Bódìjà. Ẹni tí ó gbé lẹ́ǹsì gígùn lè dúró sí òdìkejì títì, kí ó ká ìyá náà mọ́bi tí ó ti ń nu òógùn, kí ó sì bá tirẹ̀ lọ láìjẹ́ pé ìyá gbúròó ohunkóhun. Àwòrán yẹn lè dára, ṣùgbọ́n jíjí ni ó jí i. Ẹni tí ó mú X100 ní láti wá sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ, níbi tí ìyá ti lè na ọwọ́ ata sí i, yóò ní, “Ẹ kú ọjà o, ìyá, ajé á wọgbá,” ìyá yóò ní, “Àṣẹ, ọmọ mi. Kí lo fẹ́ fi fọ́tò mi ṣe?” Bí wọ́n bá ti sọ ọ́ yanjú, ojú tí ìyá náà yóò gbé sókè sí kámẹ́rà yóò jẹ́ ojú ẹni tí ó mọ ẹni tí òun ń wò, nítorí ojú lọ̀rọ̀ wà. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ohun kejì tí lẹ́ǹsì kan ń ṣe kò hàn sí ojú, ó sì gba sùúrù. Ẹni tí ó bá ti lo ìwọ̀n kan pẹ́, ojú ara rẹ̀ yóò di ìwọ̀n náà. Kí ó tó gbé kámẹ́rà sókè ni yóò ti mọ ohun tí yóò wọ inú àwòrán àti ohun tí yóò kù síta, yóò sì mọ ìṣísẹ̀ mélòó ni ó kù. Ẹni tí ó ń pààrọ̀ lẹ́ǹsì látàárọ̀ dalẹ́ kì í ní irú ojú bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tí ó lé eku méjì pa òfo, àti pé nígbà tí ó bá ń wá lẹ́ǹsì kejì nínú àpò ni bàbá ìyàwó yóò sunkún, tí yóò sì nu omijé rẹ̀ kúrò.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí àwọn tí ń ta kámẹ́rà kì í sábà sọ, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ó bá òde tiwa mu jù. Nínú kámẹ́rà ńlá, aṣọ ìkélé kan ni ó wà níwájú sẹ́ńsọ̀, tí ó ń ṣí tí ó ń pa dé ní ìgbà kọ̀ọ̀kan tí a bá tẹ bọ́tìnnì. Nínú X100 àti GR, àárín lẹ́ǹsì gan-an ni ilẹ̀kùn náà wà, abẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ díẹ̀ ni. Nítorí náà, dídákẹ́ ni ó dákẹ́: níbi ìkómọjáde, nígbà tí àlùfáà bá ń gbàdúrà lé ọmọ tuntun lórí, kò sí ẹni tí yóò yíjú padà. Èyí tí ó sì tún ṣe pàtàkì ju ìyẹn lọ ni ti fíláàṣì. Ẹ fojú inú wo ìyá ọkọ tí ó dúró nínú oòrùn ọ̀sán gangan, tí ó wé gèlè aṣọ òkè tí etí rẹ̀ nà jáde ju iwájú orí lọ. Gèlè ń dán yinrin, ojú abẹ́ rẹ̀ ṣú, a kò rí ilà rẹ̀, a kò rí ẹ̀rín rẹ̀. Fíláàṣì ni yóò tú ojú náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ kámẹ́rà aláṣọ-ìkélé kò lè bá fíláàṣì ṣiṣẹ́ dáadáa bí a bá ti kọjá ìdá 200 tàbí ìdá 250 ìṣẹ́jú-àáyá, àyàfi kí a lo ọgbọ́n kan tí ó máa ń jẹ agbára fíláàṣì mọ́ ọn lọ́wọ́, nígbà tí X100 lè ṣe é ní ìdá 1,000 láìjanpata, pẹ̀lú fíláàṣì kékeré tí wọ́n kàn mọ́ ọn lára. Àwòrán yóò jáde, gèlè yóò dán, ojú ìyá náà yóò dán, òfuurufú ẹ̀yìn rẹ̀ kò sì ní í funfun báláú. Ní ilẹ̀ tí ènìyàn rẹ̀ dúdú, tí wọ́n sì ń fi ọ̀sán gangan ṣe ìnáwó, ẹ sọ fún mi ohun tí ó tún kù tí à ń wá.

Òtítọ́ ni pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tí ó ń ya bọ́ọ̀lù afẹsẹ̀gbá, ẹni tí ó fẹ́ mú ojú ẹlẹ́ṣin láti òkèèrè níbi Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, tàbí ẹni tí ṣọ́ọ̀ṣì kò jẹ́ kí ó kọjá àga kẹta láti ẹ̀yìn, kò gbọdọ̀ fi GR tan ara rẹ̀ jẹ. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ẹni tí ó sì ń gbowó ìgbéyàwó kò gbọdọ̀ mú ẹyọ kámẹ́rà kan ṣoṣo lọ, nítorí bí lẹ́ǹsì irú èyí bá dẹnu kọlẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni ó dẹnu kọlẹ̀. Ojú kò sì tì mí láti bú bátìrì GR III: nǹkan bí 200 àwòrán ni ó ń yà kí ó tó kú, nítorí náà kí ẹni tí ó bá rà á tètè ra méjì sí i.

Ọ̀rọ̀ ọyẹ́ ni mo rò jù. Lẹ́ǹsì GR máa ń yọ jáde, ó sì máa ń wọlé padà, eruku a máa bá a wọlé. Bí eruku bá sì ti bà lé sẹ́ńsọ̀ rẹ̀, kì í ṣe ohun tí ènìyàn lè ṣí nù nílé ara rẹ̀. Ẹni tí ó ń gbé ní Ṣakí tàbí Ìsẹ́yìn, tí ọyẹ́ kì í ṣe eré lọ́dọ̀ rẹ̀, X100 ni kí ó rà, tàbí kí ó máa fi àpò tí ó pa dé dáadáa tọ́jú GR rẹ̀. Àmọ́ kí àwọn tí ń pààrọ̀ lẹ́ǹsì ní gbangba nínú ọyẹ́ kan náà má fi wá ṣẹ̀sín. Sẹ́ńsọ̀ tiwọn ni ó wà ní ìhòòhò.

Ní ti owó, n kò ní í fi irọ́ tù yín nínú. Dọ́là 1,599 ni wọ́n fi X100VI lọ́lẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní oṣù kejì 2024, ó sì tún wọ́n bí ojú nítorí pé àwọn ọ̀dọ́ orí TikTok ti sọ X100V tí ó ṣáájú rẹ̀ di àwárí. Kámẹ́rà kékeré olówó pọ́ọ́kú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lórí àtẹ: ní 2010, èyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ Japan kó jáde lé ní mílíọ̀nù 100, ní 2023, kò tó mílíọ̀nù 2. Fóònù ni ó pa ìyókù, ó sì yẹ kí ó pa á. Ẹni tí ó bá ń béèrè pé kí ni ó dé tí fóònù kò tó, kí ó tẹ àwòrán fóònù tí ó yà lóru síta ní ìwọ̀n tí a ń gbé kọ́ ògiri pálọ̀, kí ó sì wò ó nítòsí. Ṣùgbọ́n tòkunbọ̀ wà. X100 àkọ́kọ́, pẹ̀lú mẹ́gápísẹ́ẹ̀lì 12 rẹ̀, ṣì ń ya àwòrán tí yóò wà lára ògiri fún ọmọ àti ọmọ ọmọ, bí ẹni tí ó mú un dání bá mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Kí ẹni tí yóò rà á yẹ inú lẹ́ǹsì rẹ̀ wò bóyá ó ti bu, kí ó sì tẹ bọ́tìnnì gbogbo kí ó tó sanwó.

Ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ fọ́tò, ọ̀dọ̀ yín ni mo fàbọ̀ sí, nítorí Ògún lákáyé tí ó ni irin iṣẹ́ yìí kò sọ pé iye irin ni a ó fi mọ ọmọ òun. Nígbà tí ọmọ tuntun bá dé, ẹ má gbé àpò lẹ́ǹsì lé e léjìká kí ó máa bá yín rù ú kiri òde. Ẹ fún un ní kámẹ́rà kan tí ojú rẹ̀ kò yí padà, kí ó fi ṣe ọdún kan gbáko, kí ó sì máa tẹ àwòrán mẹ́wàá wá fún yín lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá fẹ́ ra lẹ́ǹsì mìíràn lẹ́yìn tí ó bá ṣe fírídọ̀ọ̀mù, owó rẹ̀ ni.