Ọmọbìnrin Tí Ó Ṣubú Ní Eugene

Ẹ̀yin ìjòyè àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú wa lè ṣe kàyéfì pé àwa, tí ìkọ́ni àti ìwàásù jẹ́ iṣẹ́ wa, mú gègé láti kọ̀wé lórí eré ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu. Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì pàápàá kò kà á sí ẹ̀gàn láti fi asáré ṣe àkàwé fún ìjọ Kọ́ríńtì. Ọ̀rọ̀ tí a sì mú wá yìí kan àwọn ọmọ wa, ó kan ilé ẹ̀kọ́ wa, ó sì kan ilẹ̀ wa.

Athing Mu ni orúkọ ọmọbìnrin tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹfà ọdún 2002 ni a bí i ní Trenton, ní ìpínlẹ̀ New Jersey ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí à ń pè ní Gúúsù Sùdáánì lónìí ni àwọn òbí rẹ̀ ti ṣí lọ síbẹ̀. Ọmọ méje ni wọ́n bí, òun ni ìkẹfà. Àwọn olùkéde kì í sábà mọ orúkọ rẹ̀ pè. Kò torí bẹ́ẹ̀ gé e kúrú, kò sì fi orúkọ òyìnbó kankan rọ́pò rẹ̀. Èyí dùn mọ́ wa nínú, nítorí a rí àwọn ọmọ tiwa tí ojú orúkọ baba wọn ti ń tì wọ́n kí wọ́n tó dé etí òkun rárá.

Eré mítà 800 ni eré rẹ̀, èyíinì ni yíyí pápá ká lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tí kò bá sá a rí lè rò pé ohun kékeré ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ń sá mítà 100 a ná gbogbo agbára rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí ń sá ọ̀nà jíjìn a máa fi ẹ̀sọ̀ ná tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń sá 800 gbọ́dọ̀ ṣe méjèèjì pọ̀. Bí ó bá yára jù ní yíyí àkọ́kọ́, èémí yóò tán, ẹsẹ̀ yóò sì wúwo bí òjé ní igba mítà tí ó kẹ́yìn. Bí ó bá fà sẹ́yìn, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò sé e mọ́. Ojú ìlà tirẹ̀ ni olúkúlùkù ń sá títí wọn yóò fi yí igun kìíní tán. Lẹ́yìn èyí ni gbogbo wọn yóò rọ́ wọ inú lọ, níbẹ̀ ni ìgbọ̀nwọ́ ti ń gún ìhà, tí ẹsẹ̀ sì ń kọ́ ẹsẹ̀.

Ọdún kan ṣoṣo ni ó fi sáré fún Yunifásítì Texas A&M. Nínú ọdún náà, èyí tí í ṣe 2021, ó sá 800 ní ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú-àáyá 57.73, ó sì sá 400 ní ìṣẹ́jú-àáyá 49.57, kò sí ọmọbìnrin kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Amẹ́ríkà tí ó ti sá bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ní oṣù kẹfà, Nike, ilé iṣẹ́ tí ń ṣe bàtà, bá a ṣe àdéhùn owó, ó sì fi eré kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀. Lódodo, inú wa kò kọ́kọ́ dùn sí èyí. Ṣùgbọ́n nígbà tí a rò ó síwájú sẹ́yìn, a kò lè dá a lẹ́bi. Ìwé lè dúró de ènìyàn títí di ogójì ọdún; ẹsẹ̀ kì í dúró.

Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹjọ ọdún 2021, ní Tokyo, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún yìí gba wúrà Òlíḿpíìkì ní ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú-àáyá 55.21. Láti ìgbà tí Madeline Manning ti gbà á ní Mexico ní 1968, obìnrin Amẹ́ríkà kan kò tún gbà á mọ́. (Manning náà di ìránṣẹ́ Ọlọ́run lẹ́yìn náà, èyí tí àwa àlùfáà kò lè ṣàì mẹ́nu kàn.) Ní ọjọ́ 24 oṣù keje ọdún 2022, ní Eugene, ní ìpínlẹ̀ Oregon, Athing di olúborí gbogbo ayé. Ní ọjọ́ kan náà, lórí pápá kan náà, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, Olúwatóbilọ́ba Amusan, fo àwọn igi ìdènà mítà 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá 12.12, tí obìnrin kan kò sá irú rẹ̀ rí, ó sì gba wúrà kí ilẹ̀ tó ṣú. Òun náà, yunifásítì Amẹ́ríkà kan ní El Paso ni ó ti sáré. A ó padà sí èyí.

Ní 2023, ipò kẹta ni Athing gbà ní Budapest. Mary Moraa ọmọ Kẹ́ńyà ni ó borí. Àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí kùn pé ó ti tán. Kò pé oṣù kan tí ó fi sá ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú-àáyá 54.97, eré tí ó yára jù lọ nínú ayé rẹ̀ títí di ìgbà náà.

Nígbà náà ni ọjọ́ 24 oṣù kẹfà ọdún 2024 dé, ní Eugene yìí kan náà, nínú ìdíje tí Amẹ́ríkà fi yan àwọn tí yóò lọ sí Paris. Kò tíì yí pápá lẹ́ẹ̀kan tán tí ó fi ṣubú láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ó dìde. Àwọn ìyókù ti lọ jìnnà. Ó sá eré náà dé òpin pẹ̀lú ẹkún, òun ni ó kẹ́yìn gbogbo wọn. Wọ́n pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fún un, àwọn onídàájọ́ kò gbà. Ẹni mẹ́ta àkọ́kọ́ ni òfin wí. Adé ọdún mẹ́ta sẹ́yìn kò sí nínú ìṣirò. Ní Paris, Keely Hodgkinson, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí Athing ti borí ní Tokyo àti ní Eugene, ni ó gba wúrà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn wí pé òfin náà ti le jù. Àwa kò bá wọn wí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ìjòyè mọ̀, àwa náà sì mọ̀, bí a ti ń béèrè ta ni baba ọmọ kí a tó béèrè ohun tí ọmọ lè ṣe. Ohun tí ó dùn wá ni ẹnu àwọn tí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un ní Tokyo tí wọ́n sì fi í ṣẹ̀sín ní Eugene. Àwọn àgbà wa ní, bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni nígbà náà.

Àwa kò sì mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, ọmọkùnrin kan wà lábẹ́ wa ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, tí ó ń sá 800 lórí ilẹ̀ oníyanrìn láìwọ bàtà, tí a kò sì rí ẹni tí ó lè bá a dọ́gba ní gbogbo agbègbè. Ó ṣubú nínú ìdíje kan. Àwa ni a pè é sí ọ́fíìsì wa, tí a wí fún un pé ẹsẹ̀ kì í gba ìwé ẹ̀rí, kí ó fi eré sílẹ̀, kí ó gbájú mọ́ ìdánwò. Ó gbọ́ràn. Ó yege. Olùkọ́ rere ni lónìí. Nígbà tí ó wá kí wa ní ọdún tí ó kọjá, ó béèrè lọ́wọ́ wa pé, “Baba, ǹjẹ́ ẹ rò pé ǹ bá lè sá a bí?” A kò rí èsì fi fún un.

Ní Amẹ́ríkà, wọn ì bá tí sọ fún un pé kí ó yan ọ̀kan. Ilé ẹ̀kọ́ kan náà ni ì bá bọ́ ọ, tí ì bá kọ́ ọ ní ìwé ní òwúrọ̀, tí olùkọ́ eré ì bá sì dúró dè é lórí pápá ní ìrọ̀lẹ́. Ìdí nìyí tí ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde fi ní láti dé El Paso. Ó sì yẹ kí a rántí pé àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì tiwa ti dù Kọ́ọ̀pù Grier rí, tí ọmọ ìwé àti asáré jẹ́ ẹnì kan náà, tí kò sì sí ẹni tí ó rí ohun àjèjì nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ìlú yìí mọ pápá ilé ẹ̀kọ́ tí à ń wí. Láti oṣù méjì ni àwọn awọnlẹ̀ ti ri òpó kọnkéré mọ́ ibẹ̀. A gbọ́ pé ṣọ́ọ̀bù ni a fẹ́ kọ́, ìwé rẹ̀ yóò sì dé iwájú ẹ̀yin ìjòyè láìpẹ́. Àwa bẹ̀ yín, kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ wá sí pápá náà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ní nǹkan bí agogo márùn-ún. Ẹ ó rí àwọn ọmọ kan tí ń sáré yí àwọn òpó náà ká. Èyí tí ó ṣáájú wọn ní ọjọ́ tí àwa lọ jẹ́ ọmọbìnrin tí kò lè ju ọdún mọ́kànlá lọ; kò wọ bàtà, a kò sì tíì béèrè ta ni baba rẹ̀.