Ẹ ka ife kí ẹ tó ra àga: ọ̀rọ̀ sí àwọn tó fẹ́ ṣí ilé tíì

 

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ tíì ni. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé, ìwé méje ló ti wọlé sí ọ́fíìsì wa, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fi ń tọrọ owó alájẹṣẹ́kù láti fi ṣí ilé tíì. Méje! Márùn-ún nínú wọn ló sì ní ẹnu géètì gáréèjì ni àwọn ń wò. A ò bá ẹnikẹ́ni jà. Òwò tó dára ni. Ṣùgbọ́n nínú ìwé méjèèje, kò sí ẹyọ kan tó kọ iye tí ife tíì kan máa ná òun. Àga ni wọ́n kọ, tábìlì, fríìjì, jẹnẹrétọ̀, síńbọ́ọ̀dù. Ẹnì kan tiẹ̀ kọ tẹlifíṣọ̀n. Èyí ló jẹ́ ká mú bírò.

Ọ̀rọ̀ yìí ti ta sí wa lára rí, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Ní ìparí ọdún 2022, ọ̀kan nínú wa yá owó ẹgbẹ́ láti ṣí ilé tíì. A ò ní dárúkọ rẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kó má wulẹ̀ béèrè. Àwa tí à ń kọ ìwé yìí wà lára àwọn tó ṣe onídùúró fún un. Ó gba ṣọ́ọ̀bù, ó kùn ún ní ọ̀dà, ó ra àga rọ́bà méjìlá, ó ra fríìjì, ó gbé síńbọ́ọ̀dù gàgàrà síta. Lọ́jọ́ tó ṣí i, gbogbo wa lọ mu tíì. A gbàdúrà, a jó. Àmọ́ ká sọ òtítọ́, ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò sanwó lọ́jọ́ náà. Àwa náà ò san. A ní, "Kọ ọ́ sílẹ̀ jàre, a ń bọ̀." Kó tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, owó mílíìkì ló ti fi ń san owó ẹgbẹ́. Kó tó pé oṣù mẹ́ta, ilẹ̀kùn ti wà ní títì.

Àwọn kan ní ọ̀wọ́n owó náírà tó dé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 ló pa òwò náà. Rárá o. Ọ̀wọ́n owó yẹn fìyà jẹ gbogbo wa, ṣùgbọ́n òwò ọmọbìnrin yìí ti ń kú lọ kó tó dé. Ìdajì owó tó fi ra fríìjì ni wọ́n fi rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó kù nínú gbèsè, àwa onídùúró la san án díẹ̀díẹ̀ nínú owó àjọ tiwa, títí di àárín ọdún 2024. Owó ilé-ìwé ọmọ-ọmọ wa wà nínú rẹ̀. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ẹni tó yáwó nìkan.

Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò. Iye tí a máa kọ síbí, àpẹẹrẹ ni o, torí owó ọjà ń yí padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá ní òun fẹ́ mu tíì kò fẹ́ omi pupa lásán. Ó fẹ́ kí mílíìkì pọ̀, kí ṣúgà dùn, kí Milo tàbí Bournvita wà níbẹ̀. Ká ní mílíìkì inú ife kan jẹ́ ₦150, Milo ₦150, ṣúgà ₦40, Lipton ₦30, omi àti gáàsì ₦30. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦400. Bí ẹ bá tà á ní ₦600, èrè ₦200 ló wà lórí ife kan. Bí ẹ bá ta ogójì ife lójúmọ́, ₦8,000 nìyẹn. Ẹnu á dùn, àbí? Ẹ wá yọ owó ṣọ́ọ̀bù ₦1,000 lójúmọ́, ẹ yọ owó ọmọ tó ń fọ ife ₦2,500, ẹ yọ owó ìgbálẹ̀ ₦200. Ó ku ₦4,300. Bí ẹ bá ti yá owó tí ẹ ń dá ₦3,000 rẹ̀ padà lójoojúmọ́, ₦1,300 ló kù fún yín, ẹ̀yin tí ẹ jí ní aago mẹ́rin ìdájí. A ò tíì sọ ti ife tó fọ́, a ò sì tíì sọ ti àwọn ọmọ ilé tó ń wá bu mílíìkì lá.

Ọjọ́ tí ọjà dáa nìyẹn. Bí òjò bá rọ̀ láàárọ̀, tó jẹ́ ogún ife péré ni ẹ tà, ₦4,000 ni èrè. Ẹ yọ ₦3,700 tí ṣọ́ọ̀bù, ọmọ iṣẹ́ àti ìgbálẹ̀ máa gbà, àwọn wọ̀nyẹn ò mọ̀ pé òjò rọ̀. Ó ku ₦300. Alájẹṣẹ́kù sì ń retí ₦3,000. Níbo ni ₦2,700 tó kù á ti wá? Inú owó mílíìkì ni. Bí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ bá pé mẹ́fà, ₦16,200 ti bọ́ lára ojú owó. Bí wọ́n ṣe ń jẹ ojú owó tán nìyẹn, tí wọ́n á sì máa sọ pé ọwọ́ ayé ni.

Ẹlòmíràn á ní búrẹ́dì àti ẹyin díndín ló ń mówó wá. Òótọ́ ni, búrẹ́dì àti ẹyin ló ń gbé tíì ró. Ṣùgbọ́n búrẹ́dì Agége kì í pẹ́ kó tó bu. Ẹni tó bá gba ogún tó ta mẹ́wàá, mẹ́wàá yòókù á di oúnjẹ ilé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú márùn-ún. Bó bá tán ní aago méje àárọ̀, ìtìjú kọ́, ẹ mú mẹ́fà lọ́la.

Ẹ wo Màláàmù tó ń ta tíì lẹ́nu géètì wa. Bẹ́ńṣì kan, tábìlì kan, kẹ́tùlù lórí èédú, fílaásíkì méjì. Kò ní síńbọ́ọ̀dù, kò ní fríìjì. Ó ń fi atalẹ̀ àti kànáfùrù sí omi tíì rẹ̀, òórùn rẹ̀ ló ń pe èèyàn. Ẹ ti rí bó ṣe ń da tíì láti ife kan sí èkejì, tó ń gbé ọwọ́ sókè, tí kì í dà sílẹ̀? Kì í ṣe eré. Bẹ́ẹ̀ ni mílíìkì ṣe ń pò mọ́ ọn, tó sì ń tutù dé ìwọ̀n ẹnu. Ìdájí ló ń tà, ó tún di ìrọ̀lẹ́. Lọ́sàn-án, ó ń sùn. Kò sí ọmọ iṣẹ́ tó ń gbowó ọ̀sán lọ́wọ́ rẹ̀ lásán.

A gbọ́ pé ìwé kan nínú méje náà ní kí ẹgbẹ́ lé Màláàmù kúrò, kí àwọn obìnrin wa lè ráyè. A ò fara mọ́ ọn rárá. Ọkùnrin yìí ń san owó ìgbálẹ̀ rẹ̀ déédéé ju ọ̀pọ̀ nínú wa lọ. Bí a bá lé e lónìí, ṣé àwọn awakọ̀ tó fẹ́ràn tíì rẹ̀ máa wá mu tiyín ni? Wọ́n á tẹ̀ lé e lọ ibi tó bá lọ. Kí ẹni tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ lọ jókòó ti Màláàmù, kó ra ife kan, kó sì máa kà iye èèyàn tó wá láàárín wákàtí méjì.

Ibì kan wà tí Màláàmù ò lè dé, ibẹ̀ ni àwa rò pé àyè wà. Obìnrin kì í fẹ́ jókòó lórí bẹ́ńṣì àárín àwọn ọkùnrin gáréèjì. Àwọn oníbàárà wa tó ń ti oko wá ní ìdájí, àwọn tó gbọ́mọ pọ̀n, àwọn tó fẹ́ fọ́mọ lọ́mú, orí ẹrù ni wọ́n ń jókòó sí. Àwa fúnra wa ń kó wọ ọjà láì tíì fi nǹkan kan sẹ́nu. Ẹni tó bá rí kọ̀rọ̀ kékeré tó mọ́, tí obìnrin lè fi ẹsẹ̀ nà sí, tó sì jìnnà sí èéfín mọ́tò, ó ti rí oníbàárà tí ẹnikẹ́ni ò bá a dù. Kò di dandan kó wà lẹ́nu géètì. Ẹ̀gbẹ́ àwọn alátà ṣófo títí di aago mẹ́wàá.

Àmọ́ kí ẹ tó sanwó kọ̀rọ̀ náà, ẹ fi fílaásíkì bẹ̀rẹ̀. Ẹ ra fílaásíkì ńlá kan, ife mẹ́wàá, korobá omi ìfọfe méjì. Ẹ gbé e kiri ìsọ̀ fún oṣù kan gbáko, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé: iye ife tí ẹ tà, ọjọ́ òjò àti ọjọ́ ọ̀dá, ẹni tó jẹ yín. Bí ọwọ́ yín ò bá mọ ìwé kọ, kí ọmọ máa bá yín fàlà. Ẹni tó ń ta ife mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú fílaásíkì, àga rọ́bà méjìlá ò ní sọ ọ́ di ogójì. Àwọn ọmọ wa tó kàwé sọ fún wa nípa Amos Shackleford, ọmọ Jamaica tó sọ búrẹ́dì di òwò ńlá ní Èkó. Iṣẹ́ rélùwéè ló bá dé Nàìjíríà ní ọdún 1913, ó sì di 1921 kí búrẹ́dì tó bẹ̀rẹ̀. Kò kó wọ inú rẹ̀ lọ́jọ́ tó dé.

Ìgbàkígbà tí ẹ bá ti ra mílíìkì tuntun, ẹ tún ife yín ṣírò. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ọ̀pọ̀ nínú wa ṣì ń fi iye àtijọ́ tajà nítorí ojú ń tì wá láti fi owó lé e. Bí ẹni tó fẹ́ mu tíì bá ní òun máa fi bánkì ránṣẹ́, ẹ jẹ́ kí àlááàtì wọlé sórí fóònù tiyín ná. Kì í ṣe èyí tó ń fi hàn yín lórí fóònù tirẹ̀ o.

Ọ̀rọ̀ omi àti iná kò ṣeé fi ṣeré. Omi tíì gbọ́dọ̀ hó dáadáa, omi ìfọfe sì gbọ́dọ̀ mọ́. Ẹ rántí kọ́lẹ́rà tó bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní oṣù kẹfà ọdún 2024, omi àti ohun mímu tí kò mọ́ ló ń gbé e rìn. Ní ti iná, ẹ ò gbàgbé ohun tí iná ṣe ní ọjà Balógun ní 2019 àti 2020. Nítorí náà, ẹgbẹ́ kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni dá iná ní ìlà àwọn aláṣọ tàbí ti àwọn onírọ́bà. Kí ẹ se omi nílé tàbí lẹ́yìn ọjà, kí ẹ gbé e wọlé nínú fílaásíkì. Ẹ má bẹ̀ wá lórí èyí.

Ohun tí a máa sọ níwájú ìgbìmọ̀ ni pé kí wọ́n má fún ẹnì kankan lówó ilé tíì bí kò bá gbé ìwé oṣù kan ti fílaásíkì wá. Ẹni tó bá gbé e wá, tí iye inú rẹ̀ sì dáa, kí wọ́n fún un kíákíá, kó sì jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni yóò máa san án padà, kì í ṣe ojoojúmọ́. Àwa náà ṣe tán láti tún ṣe onídùúró fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà máa wáyé ní ìpàdé gbogbogbòò tó ń bọ̀, ẹ wá sọ tẹnu yín.

Ọ̀kan ṣì kù. Ọmọbìnrin wa tó ṣí ilé tíì nígbà náà ti padà sídìí ata, ìwé tó kọ àwìn sí ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. A rí i. Orúkọ èèyàn mọ́kànlélógún ló wà níbẹ̀. Tiwa wà lára wọn, ife mẹ́rin àti búrẹ́dì méjì, a sì ti san án lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ̀yin ogún tó kù, ẹ mọ ara yín. Ẹ lọ rí i nísọ̀ rẹ̀ kí ìpàdé tó pé.