Gbèsè Inú Ilé àti Ìnáwó Òde

Ẹ̀yin olóyè àti ẹ̀yin òǹkàwé wa gbogbo, ọ̀rọ̀ tí a mú wá sí ojú ewé yìí ní oṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ oyè, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti àkọtọ́ èdè wa. Ọ̀rọ̀ gbèsè ni. A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín yóò fẹ́ yára ṣí ìwé kọjá, nítorí ohun tí a kì í sọ ní gbangba ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Mọ́kọ́lá wọ Ṣàngó ní òwúrọ̀, tí ó sì yà sí ẹ̀yìn àwọn ìsọ̀, lè bá àwọn obìnrin bí mẹ́wàá tí wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan sì dúró níwájú wọn pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Owó ọ̀sẹ̀ ni ó wá gbà. Bí ẹnì kan nínú wọn kò bá tíì mú tirẹ̀ wá, àwọn ìyókù kò gbọdọ̀ dìde lọ sí ìdí ọjà wọn. Gbọ́múlélántà ni àwọn obìnrin ń pe irú owó bẹ́ẹ̀. Orúkọ náà kò bá ẹnu àlùfáà mu rárá, ṣùgbọ́n àwọn tí iná rẹ̀ ń jó ni ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, a kò sì rí orúkọ tí ó ṣe déédé jù ú lọ láti fi rọ́pò rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ayé òde òní ni ó kọ́ Ìbàdàn ní àwìn. Ìyálóde Ẹfúnṣetán Aníwúrà, tí wọ́n pa ní ọdún 1874, a máa gbé ìbọn àti ẹ̀tù fún àwọn ológun ní àwìn kí wọ́n tó jáde ogun, àti pé gbèsè àwọn ìjòyè sí i wà lára ohun tí ó ba àárín òun àti àwọn olórí ìlú jẹ́. Àwọn baba wa mọ ìwọ̀fà pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá yá owó a fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ dúró. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe ní oko olówó ni èlé, owó tí a yá kò sì fi kọ́bọ̀ kan dín, bí ó tilẹ̀ ṣe ogún ọdún. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó dàgbà nínú ìwọ̀fà nítorí owó tí a fi sin òkú tí kò mọ̀ rí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ òkú yìí sọ́kàn, a óò padà sí i.

Nígbà tí onígbèsè kò bá sì san, olówó a rán ológò sí i. Samuel Johnson ti ṣe àlàyé rẹ̀ nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí ó parí ní 1897, tí a tẹ̀ jáde ní 1921. Ológò a wọ agbo ilé, a tẹ́ ẹní sílẹ̀, a máa pariwo, a máa bèèrè oúnjẹ tí ó dára, a sì máa pa adìyẹ ẹnikẹ́ni tí ó bá rí, títí tí ìtìjú àti wàhálà yóò fi mú kí àwọn ará ilé dá owó náà jọ. Wọn kò sì lè nà án. Àwa tí a kàwé a máa rẹ́rìn-ín sí àṣà yìí bí ìwà àwọn ará ìgbàanì. Ṣùgbọ́n kí ni ìyàtọ̀ ológò àti àwọn ayánilówó orí fóònù, tí wọ́n ń ránṣẹ́ sí ọ̀gá ẹni níbi iṣẹ́, sí àna ẹni, àti sí ẹni tí a kàn fẹ́ ra bàtà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, pé olè ni ẹni tí ó yá owó? Ológò kò kọjá agbo ilé kan. Ti ìsinsìnyí lè dé ilé igba ènìyàn kí oúnjẹ òwúrọ̀ tó jinná. Àjọ FCCPC ti ìjọba àpapọ̀ ṣe ìlànà ní oṣù Ògúst 2022 tí ó ka irú ìdójútì bẹ́ẹ̀ léèwọ̀, ẹni tí wọ́n bá sì ṣe é sí ní ẹ̀tọ́ láti fi ẹjọ́ sùn. Ó yẹ kí àwọn ọmọ Ẹgbẹ́ tí wọ́n jẹ́ amòfin máa kọ irú ìwé ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ fún àwọn aládùúgbò wọn lọ́fẹ̀ẹ́.

A fẹ́ kí a ṣe ìṣirò kan, nítorí ibẹ̀ ni a ti ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ, àní àwọn tí wọ́n ní ìwé ẹ̀rí pàápàá. Ká ní obìnrin kan yá 100,000 náírà, tí a sì ní kí ó máa dá 5,000 padà ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 24. Gbogbo ohun tí yóò san jẹ́ 120,000. Wọ́n á ní èlé rẹ̀ kò ju ìdá márùn-ún kan lọ. Irọ́ ni. Láti ọ̀sẹ̀ kìíní ni ó ti ń dá owó olówó padà. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ 12 bá pé, 50,000 péré nínú owó náà ni ó kù lọ́wọ́ rẹ̀, síbẹ̀ lórí 100,000 ni a ṣì ń gba èlé. Bí a bá pín in dọ́gba, owó tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kò ju nǹkan bí 52,000 lọ, ó sì san 20,000 lé e lórí láìtó oṣù mẹ́fà. Èyí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ohun tí wọ́n sọ fún un. Bí ọjà rẹ̀ bá ń yí kíákíá, tí ó ń ra tòmátì lónìí tí ó sì ń tà á tán lọ́la, ó lè rí èrè tí yóò san án. Ọ̀nà tí Muhammad Yunus gbà bẹ̀rẹ̀ ní Bangladesh ní ọdún 1976 náà nìyí: owó òwò ni ó ń yá àwọn obìnrin. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi irú owó yìí ra aṣọ, tàbí tí ó fi san owó ilé ẹ̀kọ́, tàbí tí ó fi gbọ́ bùkátà ìsìnkú, kò sí òwò níbẹ̀ tí yóò bí owó ọ̀sẹ̀ fún un. Kò ní pẹ́ tí yóò fi yá òmíràn láti fi san ti ìṣáájú. Ẹni tí ó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san, ó bẹ́gi dí ọ̀nà egbèje.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò mọ ohun tí ojú àwọn ènìyàn ń rí. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023, tí a yọ owó ìrànwọ́ orí epo, lítà epo bẹ́ńtírò kan tí kò tó 200 náírà di nǹkan bí 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó sì tún gòkè lẹ́yìn náà. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin fi lélẹ̀ dúró ní 30,000 títí di oṣù Keje 2024 kí ó tó di 70,000. Nígbà tí yóò fi dé, ọjà ti sáré kọjá rẹ̀. Ọ̀pọ̀ tí ó wọ gbèsè ní àkókò náà kì í ṣe òmùgọ̀, wọn kì í sì í ṣe àpà. Ebi ni.

Síbẹ̀, a ní ọgbọ́n kan nílẹ̀ tí a kò lò tó. Kí ilé ìfowópamọ́ kankan tó dé ilẹ̀ yìí ni àwọn ìyá wa ti ń dá èsúsú: iye kan náà ni olúkúlùkù ń dá, ẹnì kan a sì kó gbogbo rẹ̀ ní ìgbà tirẹ̀, láìsí èlé. Johnson mẹ́nu kàn án. William Bascom ti Amẹ́ríkà sì kọ àpilẹ̀kọ lé e lórí ní 1952. Àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú gbé e kọjá òkun, títí di òní ni àwọn ará Trinidad ń pè é ní susu. Àjọ ojoojúmọ́ tún wà, tí alájọ ń rìn láti ìsọ̀ dé ìsọ̀ gbà, tí ó sì ń mú owó ọjọ́ kan nínú oṣù fún wàhálà rẹ̀. Ní àyíká Ìbàdàn níbí, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ kòkó ń jẹ gbèsè àwọn aláròóbọ̀ tí wọ́n ń fún wọn lówó kí kòkó tó so, ìjọba ní kí C. F. Strickland wá wádìí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ó kọ ìròyìn rẹ̀ ní 1934, òfin jáde ní 1935, a sì forúkọ ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ Gbédùn sílẹ̀ ní 1937. Àgbẹ̀ tí kò mọ̀wé ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn ahunṣọ Rochdale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú, nígbà tí wọ́n ṣí ìsọ̀ wọn ní 1844, òfin wọn ni pé a kò ní tajà àwìn fún ẹnikẹ́ni.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ kan inú ilé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwa fúnra wa fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ ní ìṣirò owó ilé gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú ìwé àwọn Òyìnbó, pé kí ọkọ àti aya da owó wọn pọ̀ sínú àpò kan. A jẹ́wọ́ pé ẹ̀kọ́ náà kò bá ilé wa mu. Ní ilẹ̀ Yorùbá, aya ní òwò tirẹ̀ láti ìgbà láéláé, èrè rẹ̀ sì jẹ́ tirẹ̀, ó fi ń tọ́jú ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀. Ọkọ tí ó bá ní kí ó kó gbogbo rẹ̀ wá, ìjà ni ó ń wá. Kí olúkúlùkù di àpò tirẹ̀ mú. Ohun tí kò gbọdọ̀ pamọ́ ni gbèsè. Ẹ jẹ́ kí tọkọtaya jókòó ní alẹ́ ọjọ́ kan, kí ọmọ ti sùn, kí wọ́n sì kọ gbogbo ohun tí wọ́n jẹ sínú ìwé kan ṣoṣo, ti ọkọ àti ti aya, láìsí ìbáwí. A ti rí ilé tí ọkọ ń yá owó orí fóònù láti fi fún aya ní owó oúnjẹ, tí aya sì ń mú nínú owó oúnjẹ náà láti fi san gbọ́múlélántà tí ọkọ kò mọ̀ nípa rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìdílé kan ṣe àpẹẹrẹ. Ọkọ jẹ́ olùkọ́, aya ń tajà ní Ṣàngó. Yàtọ̀ sí èyí tí a ń yọ nínú owó oṣù fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, wọ́n jẹ ayánilówó orí fóònù ní 60,000, wọ́n jẹ onírẹsì ní 45,000, wọ́n sì jẹ ẹ̀gbọ́n kan ní 70,000. Ó jẹ́ 175,000. Nígbà tí wọ́n yẹ ìnáwó wọn wò, aṣọ ẹbí ń gba 15,000 lóṣù bí a bá pín ti ọdún dọ́gba. Dátà tí ó kọjá ìlò ń gba 6,000. Epo ẹ̀rọ amúnáwá tí a fi ń wo bọ́ọ̀lù ń gba 6,000. Gàrí àti ẹ̀wà tí wọ́n ń rà ní kóńgò kóńgò, dípò kí àwọn àti aládùúgbò méjì pawọ́ pọ̀ ra àpò ní Bódìjà, ń pàdánù 8,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 35,000. Kí wọ́n fi 6,000 lọ́wọ́ alájọ, 200 lójúmọ́, nítorí bí kò bá sí owó díẹ̀ nílẹ̀, ibà ọmọ kan ṣoṣo yóò dá wọn padà sọ́dọ̀ ayánilówó. Kí 29,000 tí ó kù lọ sí gbèsè. Ti orí fóònù ni kí wọ́n kọ́kọ́ san, nítorí èlé rẹ̀ kì í sùn. Onírẹsì ni ó kàn, nítorí iye tí ó ń ta àwìn ju iye tí ó ń tà á fún olówó ọwọ́ lọ. Ẹ̀gbọ́n ni yóò kẹ́yìn, ṣùgbọ́n kí wọ́n lọ bá a lónìí, kí wọ́n dá ọjọ́ fún un, kí wọ́n má ṣe máa fi ara pamọ́ fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì. Láàárín oṣù keje, gbèsè náà yóò ti tán tàbí kí ó kù díẹ̀.

Ẹ ti rí i pé aṣọ ẹbí ni ó pọ̀ jù lọ nínú ìṣirò yẹn. Ẹ̀bi ta ni? Ẹgbẹ́ wa yìí ni a dá sílẹ̀ láti gbé àṣà Yorùbá ga, a sì ti gbé e ga dé ibi tí ẹni tí kò lè ra aṣọ ìsìnkú bàbá ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń jókòó sẹ́yìn, tí agbábọ́ọ̀jẹ ń gba iwájú rẹ̀ kọjá láìwo ojú rẹ̀. A ń dá àwọn baba wa lẹ́bi pé wọ́n fi ọmọ ṣe ìwọ̀fà nítorí òkú. Àwa ń fi owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ ṣe é. Àwa ìránṣẹ́ Ọlọ́run kò sì mọ́ nínú ọ̀ràn yìí, nítorí ní ọjọ́ ìkórè a ń pe orúkọ àwọn tí wọ́n mú owó ńlá wá, a sì ń ka àwọn ìyókù pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa Mùsùlùmí yóò mọ bí ti wálíìmọ̀ tiwọn ti rí. Ẹ̀yin olóyè ni ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ yín jù. Bí ẹ bá lọ sí òkú tí a fi ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín ṣe, tí ẹ jókòó pẹ́, tí ẹ sì sọ̀rọ̀ rere nípa olóògbé, ìnáwó kékeré yóò di ohun iyì ní àdúgbò náà kí ọdún tó yípo.

Nítorí náà, a óò gbé ohun méjì kalẹ̀ ní ìpàdé oṣù tí ń bọ̀. Èkíní ni pé kí Ẹgbẹ́ má ṣe yan aṣọ fún ìsìnkú ọmọ Ẹgbẹ́ tàbí òbí rẹ̀ mọ́. Kí olúkúlùkù wọ aṣọ òkè tàbí àdìrẹ tí ó bá ní nílé. Èkejì ni pé kí a dá èsúsú Ẹgbẹ́ sílẹ̀, kí ẹni tí gbèsè ayánilówó orí fóònù wà lọ́rùn rẹ̀ sì kọ́kọ́ kó o, láìjẹ́ pé a ka orúkọ rẹ̀ síta. Akọ̀wé ti ra ìwé tí a óò máa kọ ọ́ sí. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá olóòtú sọ̀rọ̀ kí ọjọ́ náà tó pé, kí ó wá ní alẹ́, a kò ní bi í léèrè ohun tí ó fi owó náà ṣe.